Ọkùnrin Tó Ń Ka Nọ́ńbà Ẹ̀rọ

Salome kò tíì dé ẹnu ọ̀nà Kàrímọ́tù tí àyà rẹ̀ fi já. Òpópónà àwọn aránṣọ ní Lọ́kọ́jà àtijọ́ dákẹ́ rọ́rọ́ lọ́sàn-án gangan. Kò sí ẹ̀rọ kan tó ń dún. Iléyá ọdún 1958 kù sí dẹ̀dẹ̀, àsìkò tí aránṣọ kì í ráyè fi omi sẹ́nu, síbẹ̀ àwọn obìnrin náà jókòó síwájú ilé, ọwọ́ wọn dilẹ̀, bí ìgbà tí òkú sùn ládùúgbò.

"Ẹ káàbọ̀, Tíṣà," ni Kàrímọ́tù wí. "Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti bá wa gbé máṣíìnì wa lọ, wọ́n fẹ́ bá wa pààrọ̀ rẹ̀ sí tuntun."

"Ta ló gbé e?"

"Ọ̀gá Kọ́lápọ̀ ni. Aṣojú ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é nílùú òyìnbó. Ó ní àwọn kan wà tí irin inú wọn kò dáa. Bí èèyàn bá ń ránṣọ lọ, abẹ́rẹ́ á já, á sì fò síni lójú. Ó ní obìnrin kan wà ní Ìdà tí ojú rẹ̀ méjèèjì ti lọ."

"Báwo ló ṣe mọ̀ pé tiyín wà lára àwọn tí kò dáa?"

Ojú Kàrímọ́tù mọ́lẹ̀. Ìbéèrè tó ti ń retí nìyẹn. "Nọ́ńbà ara rẹ̀ ni! Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ju èyí lọ ni kò dáa." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kọ 1200000 sórí erùpẹ̀. Ó tún kọ 734518 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Tèmi rèé. Kì í ṣe òun ló kà á fún mi o, èmi fúnra mi ni mo kà á. Méje ló ṣíwájú tèmi, ọ̀kan ló ṣíwájú tiwọn. Méje ju ọ̀kan lọ. Bí ẹ ṣe kọ́ wa gan-an ni mo ṣe é, Tíṣà."

Salome tún nọ́ńbà méjèèjì náà kà.

Ọmọ Ìjùmú ni Salome. Òun ló ń kọ́ àwọn obìnrin náà ní kíláàsì àgbà lẹ́yìn ìrun alaásárì, kíláàsì tí ìjọba dá sílẹ̀ láti fi bá àìmọ̀ọ́kọ jagun. Òun ló sọ fún wọn pé bí nọ́ńbà méjì bá wà níwájú wọn, kí wọ́n wo èyí tó ṣíwájú. Òótọ́ sì ni, bí nọ́ńbà méjèèjì bá gùn bákan náà. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ìsọ̀ ọjà wọn gùn bákan náà, gbogbo nọ́ńbà inú ìwé wọn gùn bákan náà. Kò tíì kọ́ wọn pé gígùn ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló fi ìyẹn sí.

Ohun tó rántí lẹ́yìn náà ló bà á lẹ́rù jù. Àlejò kan ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn nínú kíláàsì náà, ó ní ìjọba ló rán òun wá wo bí ẹ̀kọ́ ṣe ń lọ. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, aṣọ rẹ̀ funfun báláú, ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó gbọ́ ẹ̀kọ́ náà dópin, ó tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Salome. Aláìlójú-àánú! Ṣe ló wá wo ibi tí ìmọ̀ àwọn obìnrin náà pin sí, kó lè gbẹ́ kòtò síbẹ̀ dè wọ́n.

"Ṣé aṣọ funfun ló máa ń wọ̀?" ni Salome bi í.

"Òun náà ni. Ẹ mọ̀ ọ́n?"

Salome bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ṣa àjákù aṣọ méjì, ó nà wọ́n sí Kàrímọ́tù. "Ìyá Àrẹ̀mú, báwo lẹ ṣe máa ń mọ èyí tó gùn jù?"

"Ṣé ìyẹn náà tó ìbéèrè? Màá so ìdí wọn pọ̀ ni. Èyí tó bá yọ lórí ló gùn jù."

"Ẹ so ìdí nọ́ńbà méjì yẹn pọ̀ fún mi. Ẹ kọ ọ̀kan sábẹ́ èkejì. Láti ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀."

Kàrímọ́tù pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, ó tún un kọ. Mẹ́jọ bọ́ sábẹ́ òdo. Ọ̀kan bọ́ sábẹ́ òdo. Ó ń kọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀, títí méje tó fi ń yangàn fi bọ́ sábẹ́ méjì. Ọ̀kan ti Kọ́lápọ̀ wá yọ síta, òun nìkan, kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀.

"Mílíọ̀nù ni ọ̀kan yẹn," ni Salome wí jẹ́jẹ́. "Tiyín kò tilẹ̀ tó mílíọ̀nù."

Kàrímọ́tù wo ilẹ̀ títí. "Tèmi ló kéré. Tèmi ló kéré, ó sì gbé e lọ." Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. "Mo gbé, Tíṣà! Bàbá Làtífù ń bọ̀ lọ́la!"

Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ládùúgbò. Opó ni Kàrímọ́tù. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, Làtífù tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ náà fẹ́ kó àwọn ọmọ méjèèjì, Àrẹ̀mú àti Kùdírátù, lọ sí Ìlọrin. Àwọn àgbà ló bá a bẹ̀bẹ̀. Wọ́n fẹnu kò pé níwọ̀n ìgbà tí ìyá wọn bá ń fi ẹ̀rọ bọ́ wọn, kí wọ́n wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá kúrò nílé, kí àwọn ọmọ náà máa bọ̀ ní Ìlọrin.

Sájẹ́ntì Ìdòwú, ọmọ Kàbà, ń jẹ ẹ̀pà nígbà tí wọ́n wọ àgọ́ ọlọ́pàá ìbílẹ̀.

"Ọ̀kun o, Sájẹ́ntì," ni Salome fi ìkíni ìlú wọn kí i.

"Ọ̀kun o, Tíṣà. Kí ló dé?"

Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn tán, ó kọjú sí Kàrímọ́tù. "Ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ gbé e fún un?"

"Èmi ni."

"Kò fipá gbà á?"

"Ó ní bí mo bá fi ẹ̀rọ náà sílé, tó bá ṣe oníbàárà mi léṣe, ẹ̀wọ̀n ni mò ń lọ."

"Ó ní báàjì láyà?"

"Ó ní."

Sájẹ́ntì nu ọwọ́. "Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká kánjú. Ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ òyìnbó nìyí. Ó lè jẹ́ pé ó ṣì í kà ni."

"Sájẹ́ntì, mo ti yí òpópónà yẹn ká kí n tó wá, mo bi oníkálùkù ní nọ́ńbà ẹ̀rọ rẹ̀," ni Salome wí. "Kò sí ẹ̀rọ kan nínú gbogbo èyí tó gbé tí nọ́ńbà rẹ̀ tó mílíọ̀nù. Ẹni tó bá ń ṣì í kà á ṣì í sọ́tùn-ún, á ṣì í sósì. Ṣé ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ nìkan ni àṣìṣe tirẹ̀ mọ̀ ọ́n lọ ni?"

Sájẹ́ntì dìde. Ó nawọ́ mú fìlà rẹ̀. "Níbo ló dé sí?"

Àdúgbò Gadumo ló dé sí, nílé Adéòkè, obìnrin kan tó ń fi yàrá háyà. Sájẹ́ntì gba ọ̀nà gáréèjì lọ kí ọkọ̀ kankan má baà gbé e jáde, ó ní kí àwọn obìnrin méjèèjì lọ ṣọ́ ilé náà, kí wọ́n má wọlé. Wọn kò tíì rí ilé náà tí ẹnì kan lórí kẹ̀kẹ́ fi yọ níwájú Salome ní kọ̀rọ̀ kan. Aṣọ funfun. Ẹ̀rín.

"Tíṣà rere," ni Kọ́lápọ̀ wí, kò tilẹ̀ gbé ohùn sókè. "Ẹ̀kọ́ yín dùn mọ́ mi. Ẹ padà sí kíláàsì yín."

"Ẹ̀rọ àwọn obìnrin yẹn dà?"

"Odò méjì ló pàdé nílùú yìí. Ẹni tó bá bọ́ sí i, wọn kì í mọ èyí tó gbé e lọ. Ẹ sì ṣì kéré láti kú, Tíṣà."

Ó tẹ kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ. Salome yíjú padà sí ọ̀nà tí wọ́n gbà wá. Ẹ̀rù bà á débi pé ó fẹ́ padà sílé lóòótọ́. Kàrímọ́tù ló fà á lọ́wọ́. "Ẹ jẹ́ ká lọ. Èmi kò ní ohun tí mo tún lè fi bẹ̀rù mọ́."

Adéòkè ní àlejò òun ti sanwó yàrá, ó ti lọ. Láti òwúrọ̀ ni àwọn alárù ti ń ru àpótí rẹ̀. "Ó ní àlòkù irin ni, pé àwọn alágbẹ̀dẹ ló fẹ́ rà á ní Ọ̀nìṣà. Gáréèjì kọ́ ni wọ́n gbé e lọ o. Etí odò ni."

Salome ní kí Adéòkè sáré lọ pe Sájẹ́ntì. Òun àti Kàrímọ́tù gba ọ̀nà odò.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ lókè, odò Ọya ti ń kún, omi rẹ̀ pọ́n. Àwọn tó fẹ́ sọdá sí Ṣíńtákù dúró wìtìwìtì létí omi. Ọkọ̀ ọpọ́n ńlá kan ti kúrò ní bèbè, agbọ̀n ẹja gbígbẹ ló wà lókè ẹrù rẹ̀, àpótí ló wà nísàlẹ̀. Kọ́lápọ̀ dúró sáàárín, ó ń sọ fún àwọn atukọ̀ pé kí wọ́n yára. Wọn kò tíì jìnnà, okùn ọkọ̀ ṣì ń wọ́ lójú omi.

Kàrímọ́tù kò kígbe, kò pe ẹnikẹ́ni. Ó wọnú odò lọ pẹ̀lú ìró rẹ̀. Omi dé orúnkún rẹ̀, omi dé ìdí rẹ̀, ó sì gbá okùn náà mú.

"Tú u sílẹ̀!" ni Kọ́lápọ̀ wí. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó já àjẹ̀ gbà lọ́wọ́ atukọ̀ kan, ó gbé e sókè lórí obìnrin náà. "Tú u sílẹ̀, kí n má là ọ́ lórí!"

"Là á," ni Kàrímọ́tù wí. "Bóo bá là á tán, wàá gbé òkú mi mọ́ ọn."

Ọ̀gá àwọn atukọ̀, ọmọ Ígálà kan tó ti dàgbà, wo obìnrin tó dúró sínú omi yẹn, ó wo àjẹ̀ tó wà lókè. Ó yí imú ọkọ̀ padà sí bèbè. Kọ́lápọ̀ bú u, ó ṣèlérí owó fún un, kò gbọ́. Kí wọ́n tó gúnlẹ̀, Sájẹ́ntì Ìdòwú ti dé, ó ń mí hẹlẹ, ó sì ń pariwo mọ́ gbogbo ọlọ́kọ̀ lédè Háúsá pé kí wọ́n dúró.

Bí Kọ́lápọ̀ ṣe fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ni ẹ̀rín rẹ̀ padà dé. Ó gbọn aṣọ rẹ̀. Ó fi òyìnbó kí Sájẹ́ntì, òyìnbó tó dán bí ojú dígí. Ó fi báàjì hàn án. Ó ní aṣojú ilé-iṣẹ́ ni òun, pé ẹ̀rọ tó lè fọ́ni lójú ni òun ń kó kúrò nílẹ̀, pé bí ọlọ́pàá bá dá òun dúró, àwọn ọ̀gá òun á kọ̀wé sí ìjọba ní Kàdúná. Àwọn èrò ti ń mi orí. Sájẹ́ntì náà ti ń wo ilẹ̀.

"Ọ̀gá," ni Kàrímọ́tù wí. Omi ń kán lára rẹ̀. "Nọ́ńbà tèmi àti nọ́ńbà tiyín, èwo ló tóbi jù?"

"Kí ni mò ń bá obìnrin yìí sọ?"

"Dá a lóhùn," ni Sájẹ́ntì wí. Ó ti gbójú sókè. "Èwo ló tóbi jù?"

Kọ́lápọ̀ wo ojú Sájẹ́ntì, ó wo Salome. Bó bá ní ti Kàrímọ́tù ló tóbi, ó ti fi ara rẹ̀ hàn ní ẹni tí kò mọ nọ́ńbà kà, tí ilé-iṣẹ́ kankan kò lè fún ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá ní ó kéré, kí wá ni ẹ̀rọ rẹ̀ ń ṣe nínú ọkọ̀?

"Tirẹ̀ ló tóbi," ni ó wí níkẹyìn.

"Kọ ọ́ sílẹ̀ ká rí i," ni Salome wí. Ó nawọ́ sí iyanrìn. "Kọ ọ̀kan sábẹ́ èkejì. Ẹ̀yìn ni kóo ti bẹ̀rẹ̀."

Kò kọ ọ́. Kàrímọ́tù ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kọ ọ́ sórí iyanrìn tútù, àwọn èrò sì tẹ orí mọ́ra wọn láti wò ó. Ọ̀kan yọ síta níwájú.

"Ilé-iṣẹ́ wo ló rán ọ?" ni Sájẹ́ntì bèèrè.

"Mo ṣì í kà ni."

"Gbogbo rẹ̀ pátá?"

Sájẹ́ntì kọjú sí atukọ̀ kan.

"Ṣí àpótí yẹn!"

Wọ́n fi irin ṣí i. Ẹ̀rọ àwọn obìnrin ló wà nínú rẹ̀, wọ́n fi koríko ká a mọ́ra. Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Nígbà tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wọ ọwọ́ ọkùnrin náà, ara rẹ̀ balẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ròyìn ọjà. Ó ní Múyìwá ni òun ń jẹ́, kì í ṣe Kọ́lápọ̀. Ó ní ilé-iṣẹ́ kankan kò rán òun.

"Obìnrin tó fọ́jú ní Ìdà ńkọ́?" ni Salome bi í.

"Kò sí obìnrin kankan ní Ìdà. Ìlú tí mo bá dé, kíláàsì àgbà ni mo máa ń kọ́kọ́ wọ̀. Mo máa ń jókòó sẹ́yìn. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan a máa fura, á ní kí wọ́n lọ pe akọ̀wé wá. Ẹni tó bá ti mọ díẹ̀ kì í pe ẹnikẹ́ni."

Salome kò lè sùn dáadáa fún ọjọ́ bíi mélòó kan nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n mú un, ariwo ayọ̀ kò jẹ́ kó ronú púpọ̀. Àwọn obìnrin rọ́ dé etí odò, oníkálùkù ń ka nọ́ńbà tirẹ̀ sókè, Sájẹ́ntì ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń fún wọn. Alárù kan fẹ́ bá Kàrímọ́tù ru tirẹ̀. Ó kọ̀. Ó gbé e karí fúnra rẹ̀ títí dé ilé, kò sì sọ̀ ọ́ lọ́nà.

Lọ́jọ́ kejì ni Làtífù dé. Ìròyìn ti bá a ní gáréèjì, àmọ́ ìdajì rẹ̀ ló gbọ́.

"Ìyàwó, wọ́n ní ẹ̀rọ ti lọ. Mo ti ní kí awakọ̀ fi àyè ọmọ méjì sílẹ̀ fún mi."

Kàrímọ́tù kúnlẹ̀ kí i. "Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ìṣó ọkọ̀ ti fa agbádá yín ya léjìká. Ẹ bọ́ ọ, kí n bá yín rán an."

Làtífù wo èjìká rẹ̀, ó wo obìnrin náà. Ó bọ́ agbádá, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú bùbá. Kùdírátù gbé omi wá fún un. Ó mu ún, ó ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ nínú yàrá. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, awakọ̀ tẹ fèrè láti ìta.

"Àrẹ̀mú," ni Làtífù wí, "lọ sọ fún un pé kó máa lọ. Kó fi ẹlòmíràn sí àyè yẹn."