Ojú Ewé Tí Wọ́n Ya Nínú Ìwé Màmá Tseng

Igbe Màmá Tseng ló jí gbogbo kíláàsì lójú oorun ọ̀sán.

"Wọ́n ti ya ìwé mi! Ojú ewé Pei-shan mi dà?"

Ke gbé orí kúrò lórí tábìlì, ojú rẹ̀ ṣì wúwo. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe ọlọ́pàá ní ìlú Tainan kó tó fẹ̀yìn tì, kó tó wá dára pọ̀ mọ́ àwọn àgbà ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń kọ́ èdè òyìnbó. Èdè náà ti sú u pátápátá. Òyìnbó kì í sọ pé ẹnì kan máa ń tètè jí, àfi kí wọ́n pè é ní ẹyẹ. Kí ló kan ẹyẹ níbẹ̀? Èyí tó tún wá burú jù ni pé olè ti wọlé nígbà tí òun gan-an ń hanrun.

"Kí ló wà níbẹ̀, Màmá?"

"Àwọn orúkọ tí Pei-shan ọmọ mi máa ń fi kẹ́ ọmọ rẹ̀ ní Kánádà. Orí fóònù ló ti kà wọ́n fún mi kó tó kú. Gẹ̀ẹ́sì nìkan lọmọ yẹn gbọ́. Ọjọ́ Ẹtì ni mò ń wọ bàálù lọ bá a. Kí ni mo fẹ́ pè é báyìí?"

"Ẹ ò há wọn sórí ni?"

"Ọ̀gá Ke, orí wo? Ẹni àádọ́rin ọdún ni mí!" Ó bú sẹ́kún.

Inú bí Ke. Kí lèèyàn fẹ́ fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe? Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kẹ́nikẹ́ni má jáde. Yàtọ̀ sí òun àti Màmá Tseng, àwọn mẹ́ta péré ló kù.

"Oorun ni mò ń sùn," ni Tíṣà Peng wí. Àmì aago ọwọ́ rẹ̀ pọ́n yòò níwájú orí rẹ̀.

"Èmi náà ńkọ́?" Ìyá Kuo tó ń ta tíì fìbínú dáhùn. "Ṣé ẹ fẹ́ sọ pé mo jalè ni?" Ìlà súwẹ́tà rẹ̀ ti tò sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan.

"Gbogbo wa la sùn," ni Bàbá Hsu wí, ẹni tó ti ṣe akọ̀wé báǹkì rí. Ó ń nu awò ojú rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń dán.

Ke tú àpò gbogbo wọn. Kò rí nǹkan kan. Ó fi ìbínú gbá tábìlì, ìwé fò sílẹ̀. Bó ṣe ń ṣà á ló rántí pé ewé kan, ojú méjì ló ní.

"Màmá, kí ló wà lẹ́yìn ewé yẹn?"

Màmá Tseng wolẹ̀. "Ọ̀rọ̀ tí òyìnbó fi ń pe èèyàn. Kí n má baà gbàgbé, mo kọ orúkọ ẹnì kan ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kuo ni ẹlẹ́nu ńlá..."

"Èmi kẹ̀?"

"Tíṣà ni ẹyẹ àárọ̀. Hsu ni aṣọ ìbora tó rin gbingbin."

Ke yíjú sí Tíṣà. "Kí nìyẹn?"

Tíṣà Peng wúkọ́. "Ẹni tó bá ti dé báyìí, ayọ̀ àwọn yòókù ti tán nìyẹn."

Ke rọra sún mọ́ Hsu. "Bàbá, ogójì ìṣẹ́jú la fi gbé orí lé tábìlì. Iwájú orí mi pọ́n, ti Tíṣà pọ́n. Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìyá Kuo. Ojú tiyín ń dán, kò sí àmì kankan níbẹ̀. Níbo lẹ gbé e lé?"

Hsu fọwọ́ kan ojú rẹ̀.

"Lọ́jọ́ Ajé, Màmá Tseng ní kí n bá òun di ìwé òun mú. Mo rí orúkọ mi. Mo yẹ ọ̀rọ̀ náà wò nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Ohun tí ìyàwó mi sọ kó tó kọ̀ mí sílẹ̀ náà ni mo bá níbẹ̀. Mi ò fẹ́ kí gbogbo kíláàsì kà á. Nígbà tẹ́ ẹ sùn, mo ya á."

"Ó dà?"

"Mo jù ú sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo fomi ṣàn án lọ. Mi ò yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ẹ dárí jì mí."

Ke jókòó. Ó ti mú olè, kò sì rí nǹkan kan dá padà fún olóhun. Kò tíì rí ẹjọ́ tó sú u tó báyìí.

Màmá Tseng nu ojú rẹ̀, ó pa ìwé rẹ̀ dé.

"Mo ṣì yín pè, Bàbá Hsu," ló wí. "Aṣọ ìbora tó rin, èèyàn ṣì lè sá a sóòrùn."