Igi Orín Tí Wúlèmótù Tà

Jẹ́mílá aláṣọ ló kọ́kọ́ wá sọ fún Wúlèmótù pé eyín ìyàwó Dókítà Fáníran já sínú ẹ̀kọ.

“Ẹ̀kọ kẹ̀? Ká ní kùlíkùlì mi ló jẹ ni, wọn ì bá ti wá pè mí lẹ́jọ́.”

“Wúlè, mi ò ṣàwàdà. Eyín já.”

Wúlèmótù gbé àtẹ kùlíkùlì kalẹ̀, ó pe Rísìkátù ọmọ rẹ̀.

“Yanu.”

Ó fìka kan eyín iwájú. Ó mì bí èèkàn tí ewúrẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fà tu. Ẹ̀jẹ̀ bá ìka náà jáde.

“Ìgbà wo lẹ̀jẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀?”

“Ó ti pẹ́, Màámi. Dókítà ní tí àwọn Afọyín bá ń jẹun ló máa ń rí bẹ́ẹ̀.”

Ní Agbedeméjì, ìlú tí wọ́n so rọ̀ sáàárín ayé àti òṣùpá, omi kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tu dànù. Ìdí nìyẹn tí Fáníran fi ṣe Afọyín, ẹ̀dá tó kéré ju eruku lọ. Wọ́n á dà á sí ọ lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á máa jẹ ìdọ̀tí eyín títí o ó fi kú. Ẹni tó bá ti gbà á kò gbọdọ̀ ki orín tàbí búrọ́ọ̀ṣì bọ ẹnu mọ́, kó má baà pa wọ́n. Ọmọ tí kò bá ní in, ilé ìwé kì í gbà á.

Igi orín àta kan nínú ìkòkò ni ọkọ Wúlèmótù fi sílẹ̀ nígbà tó kú. Kò sí òmíràn nílùú náà. Fáníran náà ni Wúlèmótù tà á fún, kó lè rówó Afọyín ọmọ rẹ̀ san. Òun fúnra rẹ̀ kò gba Afọyín. Ìwọ̀nba ẹ̀ka tó gé pa mọ́ ló fi ń fọ tirẹ̀ ní ìdájí kó tó kírun, tí wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, “Ìyá onípákò.” Ìgbà tí ẹ̀ka náà tán, aṣọ àti iyọ̀ ló kù.

Lọ́jọ́ náà, Wúlèmótù wọlé tọ Fáníran lọ. Ọkùnrin náà fọwọ́ bo ẹnu.

“Ẹ jókòó, Màámi.”

“Mi ò wá jókòó. Kí ló ń ṣe eyín ọmọ mi?”

“Ìdọ̀tí ojú eyín nìkan ni àwọn Afọyín ń jẹ. Wọn ò wọ abẹ́ erìgì. Ìdọ̀tí ibẹ̀ ti le bí òkúta, erìgì ti fà sẹ́yìn, egungun tó di eyín mú ti ń jẹ lọ.”

“Ìwọ lo sì ní ká má fọwọ́ kàn án.”

Fáníran tún fọwọ́ bo ẹnu.

“Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́ lónìí ńkọ́?”

“Ẹ̀jẹ̀ lè dá. Eyín tó ṣì lágbára lè dúró. Egungun tó ti jẹ kì í padà.”

“Gbé igi mi fún mi.”

“A ti gé e, Màámi. Ibi tó wà la gbé agbada tí a ti ń sin Afọyín sí. Owó yín la lè dá padà.”

“Owó ni màá fi fọ ẹnu?”

Láti ọjọ́ náà, ní àràárọ̀, Wúlèmótù á fi etí aṣọ wé ìka, á tì í bọ iyọ̀, á rọra nu ìdí eyín ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Omi mímu tirẹ̀ ló fi ń fọ̀ ọ́. Rísìkátù kò jẹ kùlíkùlì mọ́, àfi tí wọ́n bá gún un.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀rọ tí owó ń gbà wọlé lọ́rùn ọwọ́ Wúlèmótù dún nígbà tí ìka rẹ̀ wà lẹ́nu ọmọ náà. Eyín iwájú tó ń mì náà bá aṣọ jáde. Ó dì í mọ́wọ́, ó wo ọrùn ọwọ́. Owó igi orín ti wọlé, kọ́bọ̀ kan ò dín.