Oògùn Tí Ó Mọ Ilé Àrùn

Ìgò kékeré kan ni obìnrin kan gbé sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, omi inú rẹ̀ sì pọ́n bí ojú ẹni tí ó sunkún mọ́jú. Ẹ̀wù funfun ni ó wọ̀, ó ká apá rẹ̀ dé ìgunpá, ó sì fajú ro. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń fọ ìgò ní igun yàrá ìwádìí náà gbàgbé omi tí ó ń ya sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Kò tíì rí ẹni tí ìbínú yẹ tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Ta ló fọ ìgò yìí?"

"Èmi ni, mà."

"Kí lo fi fọ̀ ọ́?"

Ó ní omi kíkan ni, nítorí pé àbàwọ́n náà kọ̀, kò lọ. Obìnrin náà mí kanlẹ̀. Ó ṣàlàyé pé oògùn jẹjẹrẹ ni òun kó síbẹ̀, nínú àwọn hóró tí ó kéré débi pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn lè tò sórí ìbú fọ́nrán irun kan. Bí wọ́n bá ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀, wọn a panu mọ́. Ṣùgbọ́n kókó jẹjẹrẹ máa ń kan ju ara yòókù lọ. Ibi tí wọ́n bá ti bá kíkan yẹn pàdé ni wọ́n ti ń ṣí, tí wọn a sì tú oògùn sílẹ̀. Ìṣẹ́kù omi kíkan inú ìgò ti mú kí wọ́n rò pé àwọn ti délé, aró pupa tí òun fi ń ṣọ́ wọn sì ti tú jáde lásán.

"Ṣé pé mo tan oògùn jẹ?"

"Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lo tàn jẹ." Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti ń yọ létí ètè rẹ̀.

Ọ̀mọ̀wé ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni wọ́n ń pè ní Ẹ̀ńjìníà, wọn a sì rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá ti pè é tán, nítorí pé ó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ ní tòótọ́. Àwọn tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un lọ́jọ́ ìgboyè ni wọ́n wá fún un ní búrọ́ọ̀ṣì ìfọgò. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń fọ ìgò mọ́ ju bí ó ti yẹ lọ, bí ẹni tí ń kọ ẹ̀sùn sílẹ̀. Ọ̀mọ̀wé nìkan ni ó ń pè é ní Ẹ̀ńjìníà láìrẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ ìgò di ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọ̀sán, oúnjẹ ọ̀sán di sísin ara ẹni dé ẹnu ọ̀nà ilé.

"Ọ̀gá mi," ni Ẹ̀ńjìníà wí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, "ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ibi tí gbogbo kókó ń gbé, ẹ ò mọ ohun tó wà lọ́kàn mi?"

"Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo ń wò ó pé bóyá wàá dàgbà kó o tó sọ ọ́ ni."

Ẹ̀ńjìníà mú un lọ kí ìyá tirẹ̀, aránṣọ tí ó fi abẹ́rẹ́ tọ́ ọ dàgbà, tí kókó jẹjẹrẹ sì ti wọ̀ lọ́mú. Ọ̀mọ̀wé kúnlẹ̀ kí wọn. Kí Ẹ̀ńjìníà tó bu omi dé, àwọn méjèèjì ti ń fi òun gan-an ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí ó ṣe, ìròyìn kàn pé ilé ìwòsàn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aláìsàn díẹ̀ ní oògùn náà, Ọ̀mọ̀wé sì wà lára àwọn tí yóò yàn wọ́n. Ẹ̀ńjìníà kò tilẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Ó gbà pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Nígbà tí wọ́n yàn tán, ìyá rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ọ̀mọ̀wé fúnra rẹ̀ ni ó ní kí wọ́n yọ ìyá náà kúrò.

Ẹ̀ńjìníà dá a dúró lójú ọ̀nà. Kò pariwo.

"Ìwọ ni?"

"Èmi ni."

"Nítorí kí ni?"

"Mi ò lè sọ ọ́."

"Ìyá àwọn ẹlòmíràn yẹ, ìyá ẹni tó ń fọ ìgò ni kò yẹ. Ó dáa, Ọ̀mọ̀wé. Mo ti gbọ́."

Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń yẹra fún un. Ìtọ́jú àtijọ́ ni wọ́n ń fún ìyá rẹ̀, èyí tí kì í mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́. Irun orí wọn re dànù. Ó gbọ́ pé Ọ̀mọ̀wé ṣì máa ń wá nígbà tí òun bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó béèrè lọ́wọ́ ìyá ìdí tí wọn kò fi lé e. Ìyá bọ́ ìbọ̀sẹ̀ wọn.

"Bàbá mi, wá wo ẹsẹ̀ mi."

Ọgbẹ́ ni. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná ni ó já lu ẹsẹ̀ náà, ó sì kọ̀, kò jiná. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ilé ìwòsàn kì í mú ẹni tí ó ní ọgbẹ́, ni àwọn fi fi ìbọ̀sẹ̀ bò ó, títí Ọ̀mọ̀wé fi rí i. Àwọn bẹ̀ ẹ́ kí ó fi pamọ́ fún ilé ìwòsàn, kí ó sì fi pamọ́ fún ọmọ àwọn.

"Ó kọ ọ̀kan, ó gba èkejì," ni ìyá wí. "Ó ní ọgbẹ́ tó wú máa ń kan bíi kókó. Eku kan wà tí wọ́n fi dán oògùn náà wò, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bù jẹ. Ojú ọgbẹ́ yẹn ni oògùn lọ ṣí sí, ẹsẹ̀ náà sì rà. Ó ní bí tèmi bá jiná, òun ló máa kọ́kọ́ dárúkọ mi fún ọ̀wọ́ aláìsàn tó ń bọ̀. Mo bú u. Ó wẹ ẹsẹ̀ mi tán kó tó lọ."

Ẹ̀ńjìníà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìbínú rẹ̀ kò lọ. Ó kàn wá mọ ilé tí ó yẹ kí ó wọ̀ ni. Ayé tí oògùn ti ṣọ̀wọ́n débi pé aláìsàn ń fi ọgbẹ́ pamọ́ fún ẹni tí yóò wò ó sàn, ayé náà gan-an ni ó ń ṣàìsàn.

Ní ọjọ́ kejì, kò lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí Ọ̀mọ̀wé wọlé pẹ̀lú báńdéèjì lọ́wọ́, òun ni ó bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn pẹ̀lú abọ́ omi gbígbóná. Ìyá ti dijú. Ẹ̀ńjìníà dọ̀bálẹ̀ bẹ Ọ̀mọ̀wé, kò wá àwáwí kankan. Ó sì sọ pé bí ó bá lè dárí ji òun, òun fẹ́ kí ó di aya òun.

"Gbọ́ eléyìí ná," ni Ọ̀mọ̀wé wí. "Bó bá tún di ọ̀la, màá tún yọ wọ́n. Bó bá jẹ́ ìyá tèmi, màá yọ wọ́n. Ṣé o lè fẹ́ irú obìnrin bẹ́ẹ̀?"

Gbogbo àwọn tí wọ́n ti ń fi irọ́ dídùn ṣìkẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ ìgboyè wá sí i lọ́kàn: a ó pè ọ́, ipò rẹ ń bọ̀, ní sùúrù. Ó wo obìnrin tí ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé kò lè pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ fún un.

"Irú ẹ̀ gan-an ni mo fẹ́, olólùfẹ́ mi."

"Ó dáa. Èmi náà gbà."

"Kẹ́ ẹ wẹ ẹsẹ̀ mi kẹ́ ẹ tó ṣègbéyàwó," ni ìyá wí, ojú wọn ṣì wà ní dídì. "Omi ń tutù."

Ọ̀mọ̀wé di gìgísẹ̀ wọn mú, Ẹ̀ńjìníà sì ń rọra tú báńdéèjì àtijọ́. Ọgbẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ létí.