Ta Ló Jí Ẹkùn Ọmọ́níkẹ́?

Okùn tí Ọmọ́níkẹ́ sá fíìmù sí nínú balùwẹ̀ ti ṣófo. Pẹ́ẹ̀gì nìkan ló kù lórí rẹ̀.

Ọ̀sán Sọ́ńdè kan ni, nínú oṣù kẹjọ ọdún 1984, ní Third Ward, Houston. Ó ti lọ fọ aṣọ ní ilé ìfọṣọ, bó ṣe máa ń ṣe ní aago mọ́kànlá gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè. Wákàtí kan péré ló lò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi gbé inú igbó ní Kenya kó tó rí ẹkùn tó gbé ọmọ rẹ̀ sẹ́nu yà ní fọ́tò. Ní ọ̀la, ìwé ìròyìn kan ní New York máa rán èèyàn wá gba fíìmù náà. Tí kò bá sí, ẹlòmíì ni wọ́n máa rán lọ sí Kenya lẹ́ẹ̀kejì.

Kò pe ọlọ́pàá Amẹ́ríkà. Veronica ló pè. Obìnrin yẹn ti ṣe sájẹ́ńtì ọlọ́pàá n'Íbàdàn fún ọdún méjìlá, ilé ìtajà ló ń ṣọ́ ní Greenspoint báyìí.

Veronica bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ilẹ̀kùn. Wọn ò já a. Ó kúnlẹ̀ ní balùwẹ̀. Ipasẹ̀ dúdú kan wà nílẹ̀, ìka márùn-ún pé. Ó fi èékánná ha á. Ọ̀dà ni, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe títì.

"Ìgbà wo ni wọ́n da ọ̀dà síbi tí ẹ ń gbé mọ́tò sí?"

"Àná ni, Ántí. Oòrùn ò jẹ́ kó gbẹ."

"Ta ló tún ní kọ́kọ́rọ́?"

Èèyàn mẹ́ta ni: Helen, òyìnbó tó ń bójú tó ilé náà, Láńre, tó ń ya fọ́tò bíi tirẹ̀, tó sì máa ń wá yá kámẹ́rà, àti Olúrótìmí ọkọ rẹ̀, tó ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun láti aago mẹ́sàn-án.

Helen ní òun ò tíì jáde nílé láti àárọ̀ nítorí ooru. Sálúbàtà rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Láńre dé pẹ̀lú ìbínú. Kò sẹ́ pé òun náà fẹ́ lọ sí Kenya. Ó bọ́ kánfáàsì rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ọ̀dà kún abẹ́ rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ funfun.

"Ọ̀dà rèé lábẹ́ bàtà ẹ," ni Veronica wí.

"Sájẹ́ńtì, ṣé kí n fò wá ni?"

Olúrótìmí ló dé kẹ́yìn, ó gbé sùtánà kọ́ apá. Ó wọ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ wọlé, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rìn. Ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gígùn nípa Olúwa tó ń tú àṣírí. Veronica dá a dúró.

"Ẹ bọ́ bàtà yín."

"Nínú ilé mi?"

"Gbogbo wa la bọ́ tiwa. Ẹ̀yin nìkan lẹ wọ tiyín wọlé."

Kò bọ́ ọ. Ọmọ́níkẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ náà yọ fúnra rẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ dúdú, ó sì ti lé ròrò.

"Ọmọ Yorùbá tó bá wọ bàtà gba orí ọ̀dà, ẹnu ọ̀nà ló máa bọ́ ọ sí," ni Veronica wí. "Ọ̀dà ò ní dé balùwẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán lẹ gbé wá. Ẹ mọ̀ pé ó ti lọ fọṣọ, ẹ yọ́ jáde nígbà ìwàásù. Níbo ni bàtà yín wà nígbà yẹn?"

"Inú mọ́tò."

"Kí ló dé tí ẹ ò wọ̀ ọ́?"

Ó wolẹ̀. "Sùtánà wà lọ́rùn mi. A kì í wọ bàtà sí i."

Láńre rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. "Ó bẹ̀rù bàtà, kò bẹ̀rù olè jíjà."

Fíìmù náà wà nínú bùtù mọ́tò Olúrótìmí, nínú páálí àbẹ́là. Kò tíì rójú sun ún.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi dá jẹun," ni Olúrótìmí wí fún ìyàwó rẹ̀. "Àwọn ará ìjọ ń bi mí bóyá ẹkùn ló fẹ́ ẹ. Mo rò pé tí kò bá sí fíìmù, wàá jókòó sílé. Jẹ́ ká parí ẹ̀ nínú ilé."

Ọmọ́níkẹ́ gbé fíìmù náà sójú fèrèsé. Ẹkùn náà wà níbẹ̀, ọmọ wà lẹ́nu rẹ̀.

"Mi ò jìnnà sí i ju ogún ẹsẹ̀ bàtà lọ. Ó wò mí, kò lé mi. Ìwọ lo fẹ́ lé mi padà? Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n ní kí n tún lọ lò. Mo máa ní kí wọ́n jẹ́ kó di oṣù mẹ́ta."

Ó ká fíìmù náà sínú agolo rẹ̀.

"Kẹrosíìnì wà lábẹ́ síńkì. Fi nu ẹsẹ̀ ẹ. Tó o bá ṣe tán, nu balùwẹ̀ mi."