Ìlà Kan Tó Yàtọ̀

Mo tẹ àṣẹ tó ń fi àtòjọ wéra lẹ́ẹ̀kejì. Ìlà pupa kún ojú kọ̀ǹpútà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àtòjọ méjì tó yẹ kó bára mu, igba ìlà ló yàtọ̀ nínú wọn.

Ẹ̀rọ kìn-ín-ní tó ń darí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn nílé ìwòsàn wa ti dákẹ́. Ẹ̀rọ kejì ló kù. A kì í sì í tan án láìfi àtòjọ ètò rẹ̀ wé àdàkọ ti ẹ̀rọ kìn-ín-ní. Afẹ́fẹ́ inú sílíńdà tó ń gbé àwọn aláìsàn ró kò lè lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Ilẹ̀kùn ṣí. Obìnrin kan sáré wọlé.

"Ṣé ẹ̀yin ni Ẹni Àárọ̀?"

Èmi ni. Òun ni Ẹni Ọ̀sán. Ọdún méjì la ti jọ ń tọ́jú ẹ̀rọ méjèèjì, a ò rí ara wa rí. Aago kan ni mo ń lọ, aago méjì ló ń dé. Inú àtòjọ la ti ń bára wa sọ̀rọ̀. Ìlà tó bá ní àmì # níwájú, ẹ̀rọ kì í kà á. Èèyàn nìkan ló ń kà á. Inú àwọn ìlà wọ̀nyẹn ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Ìyá mi wà ní wọ́ọ̀dù kẹta," ó ní. "Ibùsùn tó kẹ́yìn."

Ó wo ojú kọ̀ǹpútà.

"Ṣé ẹ tò wọ́n?"

N kò tò wọ́n. Ìlà kan náà ni púpọ̀ nínú wọn, ipò wọn ló yàtọ̀. Ìbẹ̀rù ti mú mi gbàgbé.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bá mi wí pé n kì í tò ó!"

Ó tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó jókòó. Ó fi àṣẹ sort to méjèèjì, ó wá fi àṣẹ diff wá ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Igba ìlà di ẹyọ kan.

Wọ́ọ̀dù kẹta ni. Nínú ti kìn-ín-ní, agbára afẹ́fẹ́ jẹ́ mẹ́fà. Nínú ti kejì, mẹ́rin.

"Èwo ló tọ̀nà? Bí mẹ́rin bá kéré, kò ní dé ọ̀dọ̀ ìyá mi. Bí mẹ́fà bá pọ̀ jù, páìpù á bẹ́."

Mo lè sọ pé n kò mọ̀.

"Mẹ́fà ni. Dókítà ló ní ká gbé e sókè níjẹta. Òfin ni pé ohun tá a bá kọ sí ọ̀kan, ká kọ ọ́ sí èkejì. Mo ń kánjú relé. N kò kọ ọ́ sí èkejì. Ẹ̀bi mi ni."

Ó wò mí. Ojú kan ò bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Ó tẹ mẹ́fà. Ó tẹ nǹkan mìíràn sí i. Ó tan ẹ̀rọ náà. A ń wo òṣùwọ̀n: òdo, ọ̀kan, mẹ́ta. Ó dúró lórí mẹ́rin. Ó di ọwọ́ mi mú. Òṣùwọ̀n gòkè dé mẹ́fà, ó dúró síbẹ̀.

Kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀.

"Wo bó o ṣe ń gbọ̀n," ó ní.

"Ìwọ náà ń gbọ̀n."

Ìyá rẹ̀ yè. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, mo lọ sílé wọn láti sọ pé mo fẹ́ fẹ́ ẹ. Ẹ̀rù bà mí ju ti ọjọ́ yẹn lọ. Mo fi ẹnu ara mi sọ ohun tí mo ṣe.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin fò dìde. "Ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sé èémí mọ́ ìyá wa nínú, òun lo fẹ́ fẹ́? Kò lè ṣeé ṣe!"

"Jókòó," ìyá wọn ní. "Ìwọ fọ́ gíláàsì mọ́tò bàbá rẹ, o ní ológbò ni. O ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nígbà yẹn. Ta ló bi eléyìí léèrè kó tó jẹ́wọ́?" Ó yíjú sí mi. "Ọkọ ọmọ mi, sún mọ́ mi níbí."

A ṣègbéyàwó. Látìgbà náà, ìyàwó mi kò jẹ́ kí n fi àtòjọ wé àtòjọ mọ́.

"Olówó orí mi, tìrẹ ni kó o máa jẹ́wọ́. Tèmi ni kí n máa fi wọ́n wéra."

Lọ́dún tó kọjá, tí àwa méjèèjì ti fẹ̀yìn tì, ilé ìwòsàn fẹ́ kó ẹ̀rọ méjèèjì dànù. Wọ́n pè mí wá wò wọ́n. Mo kọ́kọ́ to àtòjọ wọn. Mo fi wọ́n wéra.

Ìlà kan ló yàtọ̀, déètì àárọ̀ ọjọ́ tá a kọ́kọ́ ríra lára rẹ̀:

# Ẹni Àárọ̀ ní mẹ́fà ni. Mo gbà á gbọ́.

Inú ti kejì ló wà. Kò sí nínú ti kìn-ín-ní.