Ọ̀pá Tí A Fi Wọn Gàfárù

Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó dé ẹ̀yìn ilé Alàájì Gàfárù n'Ísọlọ̀, kó fọwọ́ kan ògiri ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún mi. Ṣọ́bìrì wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà.

Ọdún tí ìjọba san owó Udójì fún àwọn òṣìṣẹ́ ni. Mo ti sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rélùwéè Òṣòdì títí ó fi sú mi, ni mo bá gba yàrá kan lẹ́yìnkùlé Gàfárù. Ilé-iṣẹ́ ń hù n'Ísọlọ̀ nígbà náà bí olú. Gàfárù ta ilẹ̀ fún ọ̀kan nínú wọn, ó sì kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sórí ìyókù.

Ilẹ̀ ta ni? Oko olóògbé Abórìṣàdé ni. Àìná ọmọ rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Lará, ló ń gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀. Ẹ̀wọ̀n irin ni wọ́n fi wọn oko náà láyé òyìnbó. Éékà mẹ́fà ni wọ́n kọ sórí ìwé. Àgbà àdúgbò mọ̀ pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé ó dé etí odò. Gàfárù ní ohun tó bá ti lé, ti ìdílé òun ni.

Ọjọ́ tí katapílà wọ inú ẹ̀gẹ́, Ìyá Lará dúró níwájú rẹ̀.

"Gàfárù, bàbá mi ló gbin pèrègún ààlà tó wà létí odò yẹn."

"Pèrègún ò mọ̀wé, Ìyá Lará. Ìwé kì í purọ́."

"Ẹ̀wọ̀n yín ló purọ́. Ìwọ lo di orí rẹ̀ mú fún òyìnbó. O mọ̀ pé ó ti gbó, ó ti nà. Ẹ̀wọ̀n tó bá gùn jù, ilẹ̀ á kéré lórí ìwé."

"Lọ pe ẹ̀wọ̀n lẹ́jọ́. Bóyá adájọ́ á rán ẹ̀wọ̀n lọ sẹ́wọ̀n."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyá Lará bu erùpẹ̀, ó dà á sẹ́sẹ̀ Gàfárù.

"Bí o ṣe wọ̀n mí ni wọn ó ṣe wọ̀n ọ́."

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì parí, ṣùgbọ́n òjò àkọ́rọ̀ ò tíì rọ̀ tí Gàfárù fi sùn lọ́sàn-án, tí kò jí mọ́. Ó ti ní ẹ̀yìn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà ni kí wọ́n sin òun sí. Ààfáà Mísbáù fi ọ̀pá wọn òkú látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó gé ọ̀pá náà, ó fún mi. Mo gbẹ́ ilẹ̀. Ọ̀pá wọlé, ààyè tún ṣẹ́kù.

A gbé òkú sọ̀kalẹ̀. Ẹsẹ̀ ò wọlé.

"Ta ló wọn ìwọ̀nkuwọ̀n yìí?" Ààfáà jágbe mọ́ mi.

"Ẹ̀yin náà ni, Ààfáà."

Ó tún wọn òkú. Bákan náà. Ó wọn kòtò. Bákan náà. Mo gbẹ́ sí i. A tún gbé e sọ̀kalẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì yọ síta, funfun nínú aṣọ.

Mo gbọ́ tí aṣọ òkú ń fà, ṣẹ̀ẹ̀, bí ìgbà téèyàn ń nara lórí ẹní.

Ẹnì kan lẹ́yìn mi sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Ẹ̀wọ̀n ni."

Mo gbẹ́ títí mo fi kan ìpìlẹ̀ ògiri ọgbà. Lẹ́yìn ògiri ni éékà mẹ́fà Ìyá Lará ti bẹ̀rẹ̀. Oòrùn ti ń wọ̀. Ààfáà ṣí fìlà, ó lọ bẹ̀ ẹ́.

"Ìyá Lará, ẹ ṣàánú. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ ilẹ̀ yín díẹ̀."

Obìnrin náà ń bó ẹ̀gẹ́. Kò gbójú sókè.

"Ṣé ó wà nínú ìwé?"

A ká orúnkún òkú, a rọ́ erùpẹ̀ lé e kíákíá. Mi ò sùn nílé Gàfárù mọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà a máa gbé mi padà. Ọdọọdún làwọn ọmọ Gàfárù ń tún ògiri yẹn mọ, pẹ̀lú sìmẹ́ńtì gidi, pẹ̀lú irin gidi. Ọdọọdún ló ń là. Ibi ẹsẹ̀ náà ló máa ń là.

Ìyá Lará ti darúgbó. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ ti ògiri náà níhà tirẹ̀. Tó bá ti gbóhùn mi, á béèrè:

"Alárìnká, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dé ibo?"

Màá fọwọ́ kan ibi tó là, màá sọ fún un. Á mi orí. Á tún máa pọ́n àdá rẹ̀ lọ.