Ajalèlókun Tó Gbọ́ Ìwàásù Ìsìnkú Ara Rẹ̀

Ọ̀rẹ́ mi tó ń ka ìwé yìí, bóyá o ti gbọ́ orúkọ Jábésì Corlew rí. Bí o bá ti gbọ́ ọ, irọ́ ni wọ́n pa fún ọ.

Wọ́n á ní ọta ìbọn kì í ràn án. Wọ́n á ní bó bá ti wo ọkọ̀ àwọn ará Sípéènì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìgbòkun ọkọ̀ náà á wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n á ní ó ri wúrà mọ́ yanrìn erékùṣù wa, pé òkú èèyàn ló jókòó tì í tó ń ṣọ́ ọ. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, etí òkun Kàròláínà yìí ni wọ́n bí mi sí. Gbogbo ibi tí ọkọ́ lè wọ̀ la ti gbẹ́. Ìkarahun la rí kó.

Mo mọ ọkùnrin náà dáadáa. Ó kúrú, ó sanra, ó sì ń bẹ̀rù àrá. Bí àrá bá sán pẹ́nrẹ́n, abẹ́ tábìlì ni ẹ ó ti bá akọni yín. Idà tó so mọ́dìí ti dógùn-ún mọ́ inú àkọ̀. Kò sẹ́ni tó rí i tó fà á yọ rí.

Nígbà tí a bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jagun lẹ́ẹ̀kejì, ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ pé kó máa gba ọkọ̀ àwọn ọ̀tá lójú òkun. Ogun parí, àṣẹ náà parí, ṣùgbọ́n olè Corlew kò parí. Kò sì dojú kọ ọkọ̀ tó ní ìbọn o! Ọkọ̀ apẹja ni, ọkọ̀ tó ń jò, ọkọ̀ tí arúgbó méjì ń tù. Bó bá ti jalè tán, á tún ṣe fàyàwọ́: búráńdì àti léèsì láti Kúbà ló ń kó gba ẹnu ọ̀sà wa wọlé, kí àwọn oníbodè má baà rí i.

Ká ní ibẹ̀ ló mọ ni, mi ò ní fi tàdáwà ṣòfò lórí rẹ̀.

Ní àsìkò ìjì kan, ọkọ̀ rẹ̀ gun orí yanrìn abẹ́ omi, ìgbì sì ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Ọkọ̀ kékeré kan ló kù láti sá lọ, Corlew sì ti kó agba búráńdì kún un. Élíásárì Twiford, tó ń rán ìgbòkun fún wọn, lúwẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀, ó di etí ọkọ̀ mú.

Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ ju agba kan nù, kí n ráyè wọlé.”

Corlew wo agba, ó wo Élíásárì. Ó gbé àjẹ̀ sókè, ó sì fi gbá ọwọ́ rẹ̀ títí ọwọ́ náà fi tú.

Hóséà, ẹ̀gbọ́n Élíásárì, wà nínú ọkọ̀ náà. Òun ló ń yin ìbọn ńlá fún wọn. Ó fẹ́ bẹ́ sómi tẹ̀ lé àbúrò rẹ̀, ṣùgbọ́n Sílà Rook, igbákejì Corlew, wé mọ́ ọn títí omi fi gbé ọmọ ìyá rẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, Corlew sọ fún gbogbo erékùṣù pé ìjì ló pa Élíásárì. Ó tilẹ̀ sunkún. Ẹkún oníbúráńdì!

Hóséà fi wọ́n sílẹ̀. Ó di gbẹ́nàgbẹ́nà, ó ń kan ọkọ̀, ó sì ń kan pósí. Gbogbo wa mọ ẹni tó ń pọ́n àáké rẹ̀ dè. Àmọ́ kó tó lò ó, Olúwa Jésù bá a pàdé ní ìpàdé àdúrà kan lábẹ́ igi óòkù, ó sì gba ìbínú náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ni Hóséà bá gba ilé Corlew lọ ní ọ̀sán gangan.

“Jábésì,” ó ní, “mo wá sọ fún ọ pé mo ti dárí jì ọ́. Ẹni tó dárí jì mí ń pe ìwọ náà.”

Corlew bú sẹ́rìn-ín. “Hẹn-ẹ́n! Hóséà tó ń yin ìbọn ló di ìyá ìjọ yìí? Jókòó, mu nǹkan.”

“Mi ò wá mutí. Ronú pìwà dà.”

“Tí mo bá darúgbó, tí eyín mi ti kán tán, màá wá bá yín kọrin. Ọkàn ẹ balẹ̀?”

“Tí o ò bá darúgbó ńkọ́?”

“Èmi? Ta ló fẹ́ pa mí? Ṣé o ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa mi láyé ni?”

Ẹ wo òmùgọ̀! Òun fúnra rẹ̀ ló ń sanwó ọtí fún àwọn tó ń pa irọ́ náà, síbẹ̀ ó ti gbà á gbọ́. Hóséà jáde pẹ̀lú ìbínú, kò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Ní erékùṣù wa, oníbodè kì í ṣí pósí ẹni tí ibà pọ́njú pa. Ẹ̀rù àrùn náà kì í jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ ọn. Corlew mọ èyí, ó sì ti fi ṣe ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Á di léèsì sínú pósí, á ní atukọ̀ òun kan ló kú, wọn á sin ín pẹ̀lú omijé, wọn á sì padà wá hú u. Àwọn atukọ̀ tó ti sin pọ̀ ju èyí tó gbà síṣẹ́ lọ.

Lọ́dún kan, nígbà ooru, ọkọ̀ oníbodè ńlá kan dé, ó dúró gbagidi sí ẹnu ọ̀sà. Àṣẹ ló mú wá pé kí wọ́n mú Corlew lọ sí Níù Bánì. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé okùn ni wọ́n fi ń dá ajalèlókun lẹ́jọ́ níbẹ̀. Akọni náà sá wọ inú àjà.

Sílà Rook bá a níbẹ̀. “Ọ̀gá, ẹ kú.”

“Kí n ṣe kí ni?”

“Ẹ kú díẹ̀ péré. Ibà pọ́njú ló pa yín. A ó gbé yín kọjá níwájú wọn lọ sí itẹ́ òkú. Ọkọ̀ wa wà lẹ́yìn òkìtì yanrìn níbẹ̀. Tí wọ́n bá ti lọ báyìí, ó di Kúbà.”

Inú Corlew dùn. Ó ní kí wọ́n rántí sọ fáráyé pé òun kú bí ọkùnrin.

Sílà àti àwọn atukọ̀ ra pósí lọ́wọ́ Hóséà, wọ́n ní ọ̀gá àwọn ti kú. Hóséà jókòó sórí pákó, ó gbórí sọ́wọ́. Wọ́n tẹ́ léèsì sínú pósí kí ọjà má baà ṣègbé, wọ́n tẹ́ Corlew lé e, wọ́n fi pupa ẹyin kùn ún lójú kó lè jọ ẹni tí ibà pa. Ìṣó méjì ni wọ́n jọ sọ pé àwọn máa kàn. Corlew gbọ́ ìkẹta. Ó gbọ́ ìkẹrin. Ó rò pé bóyá Sílà fẹ́ kó dájú ni.

Nígbà tí wọ́n dé itẹ́ òkú, ọ̀gá àwọn oníbodè ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìnujú ní imú. Ó ní, “Mi ò ní ṣí i. Àmọ́ mi ò ní kúrò níbí títí màá fi rí i tí yanrìn bò ó.”

Kò tán síbẹ̀. Oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì kan tó ń gun ẹṣin kiri àwọn erékùṣù dé lọ́jọ́ náà. Ó ní kò sí ọmọ èèyàn tí wọ́n máa sin bí ajá lójú òun. Ó pe gbogbo wa jọ, a sì yí ibojì náà ká. Èmi náà wà níbẹ̀.

Oníwàásù ka Bíbélì, ó gbàdúrà, ó wá béèrè pé, “Ta ló ní ọ̀rọ̀ rere kan láti sọ nípa olóògbé?”

Inú pósí ni Corlew wà tó tẹ́tí. Ó ń retí ìyìn. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ẹnikẹ́ni ò fọhùn.

Nígbà tó pẹ́, Ìyá Kẹ́síà, tó máa ń se ewé igbó yópọ̀nù bíi tíì tà fún àwọn apẹja, tu itọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Ó kó adìyẹ mi lọ. Ó ní nítorí ogun ni. Ẹ bá mi bi í, ogun wo ni wọ́n ń bá adìyẹ jà?”

Ẹnì kan ní, “Ẹ fi sílẹ̀, Ìyá. Àwọn adìyẹ yẹn nìkan ló dojú ìjà kọ rí.”

A rẹ́rìn-ín níbi ìsìnkú, Ọlọ́run dárí jì wá. Oníwàásù gan-an bojú wolẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́: ẹ̀rù àrá, idà tó dógùn-ún, ọtí tó ń rà fún òpùrọ́. Gbogbo wa la ti mọ̀ látọjọ́ tó ti pẹ́. Òun nìkan ni kò mọ̀ pé a mọ̀.

Nígbà náà ni Hóséà jáde síwájú. Ẹ̀rín dá.

“Jábésì,” ó ní, “àbúrò mi kò bá ìjì lọ. Ìwọ lo gbá a lọ́wọ́. Mo dárí jì ọ́, mo sì wá sọ fún ọ, o fi mí rẹ́rìn-ín, èmi náà bá bínú, mi ò padà wá. Ó yẹ kí n padà wá. Ó yẹ kí n máa bọ̀ lójoojúmọ́. Jésù ì bá gbà ọ́. Ó gba èmi. Ní báyìí, ó ti pẹ́ jù. Ọ̀rẹ́ mi, ó ti pẹ́ jù fún ọ.” Omijé rẹ̀ ń bọ́ sórí pósí, kì í sì í ṣe ẹkún oníbúráńdì.

Wọ́n sọ pósí kalẹ̀ sínú ihò. Sílà Rook bẹ́ wọlé bí ẹni fẹ́ tú okùn, ó sì fi ẹnu kan pákó.

“Sùn ire o, ọ̀gá,” ó rọra sọ. “A ò ní padà wá. Ọkọ̀ yẹn ti di tiwa.”

Yanrìn àkọ́kọ́ bọ́ sórí pákó. Ọkùnrin tí wọ́n ní ìbọn kì í ràn wà ní ìsàlẹ̀, okùn ń dúró dè é lókè, yanrìn ń bọ̀ lórí rẹ̀, àwọn tó bá jalè ló sì ń sin ín. Ó sọ fún Hóséà lẹ́yìn náà pé kì í ṣe ikú ló ba òun lẹ́rù jù. Ọ̀rọ̀ yẹn ni: ó ti pẹ́ jù. Òun ṣì ń mí, wọ́n sì ti ń sọ fún òun pé ó ti pẹ́ jù. Gbogbo ohun tó ti gbójú lé láyé ló pè wá sọ́kàn, kò sí ọ̀kan tó lè gbọ́ ọ níbẹ̀. Ló bá ké sí Ẹni tó ti fi rẹ́rìn-ín.

“Jésù Hóséà, má jẹ́ kó pẹ́ jù!”

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìkúùkù lu pákó.

Ẹ̀yin ará, a sá! Ìyá Kẹ́síà tó ní ẹsẹ̀ ń dun òun ló ṣíwájú mi. Oníbodè fi fìlà sílẹ̀. Sílà Rook nìkan ni kò sá, ńṣe ló túbọ̀ ń da yanrìn kíákíá, tó ń pariwo pé, “Àrùn ni! Ẹ má sún mọ́ ọn!”

Hóséà tì í ṣubú. Ó bẹ́ sínú ibojì, ó sì fi àáké tó máa ń fi kọ́ èjìká já pákó náà kúrò. Corlew jókòó sínú léèsì, ẹyin ti gbẹ mọ́ ọn lójú, ó ti tọ̀ sára. Ẹ wo akọni yín.

Ó ní, “Èmi ni mo pa Élíásárì. Kì í ṣe ìjì. Èmi ni.”

“Mo mọ̀. Mo wà níbẹ̀.”

“Ṣé ó ti pẹ́ jù?”

Hóséà wò ó. Àáké yẹn kan náà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì nìkan ló sì wà nínú ihò.

Ó ní, “O ṣì ń mí. Dìde.”

Inú ibojì yẹn ni wọ́n ti kúnlẹ̀. Ibẹ̀ ni Jábésì Corlew ti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó sì gba Olúwa gbọ́. Nígbà tó jáde, òun fúnra rẹ̀ ló rìn lọ bá àwọn oníbodè, ó na ọwọ́ méjèèjì sí wọn. Ní Níù Bánì, kò gba lọ́yà, kò parọ́. Adájọ́ ní kí wọ́n yẹgi fún un. Àrá sán ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, Hóséà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní Corlew kò gbọ̀n. Àwọn ará ìlú òkèèrè ń sọ títí dòní pé èṣù ló jí i dìde nínú pósí. Irọ́ ni. Ọ̀rẹ́ tó ṣẹ̀ ló ṣí pósí náà, Ẹni tó kú fún un ló sì gbà á.

Ìwọ tó ń fi Corlew rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ bi ọ́ léèrè. Kí ni wọ́n máa sọ níbi ìsìnkú tìrẹ? Ìwọ náà ti sọ fún ẹnì kan pé bó o bá darúgbó, wàá ronú. Ìwọ náà ní ẹ̀ṣẹ̀ kan tí o dì lé ìjì lórí. Má ṣe sọ pé tìẹ kò tó ti ajalèlókun. Pósí kan náà ni wọ́n ń kàn fún gbogbo wa.

Hóséà kan pósí méjì fún Jábésì Corlew. Wọ́n gbọ́ ìró láti inú ti àkọ́kọ́. Èmi wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé èkejì sọ̀ kalẹ̀, gbogbo wa sì dákẹ́, a tẹ́tí. A ò gbọ́ nǹkan kan. Ohun tó ní láti sọ, ó ti sọ ọ́ nígbà tó ṣì lè sọ̀rọ̀.

O ṣì ń mí. Dìde, kúnlẹ̀ níbi tó o wà yìí, kó o sọ tìẹ fún Un kó o tó pa ìwé yìí dé.